Oko Bàbá Àgbà: Eré Ọmọdé Tí Ó Di Ìwé Ẹ̀rí

   

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìtàn, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa àwọn ọba wa àti àwọn ogun tí wọ́n jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí kéré jù ú lọ, ó sì sún mọ́ wa jù ú lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oko tí àwọn bàbá wa àgbà dá, àti eré tí àwa ọmọ-ọmọ wọn ṣe níbẹ̀. Ọdún 2024 ni mo tó mọ̀ pé eré náà kì í ṣe eré lásán. Ẹ fara balẹ̀, n ó ṣàlàyé.

BÍ BÀBÁ ÀGBÀ ṢE DÉ OKO

Ọmọ Ìkìrun ni Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tí ó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n oko tí mo ń sọ yìí kò sí ní Ìkìrun. Inú igbó Ifẹ̀ ni ó wà, ní apá Ifẹ̀tẹ̀dó, lójú ọ̀nà tí ó gba Òkè-Igbó lọ sí Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ ohun tí àgbẹ̀ Ìkìrun ń wá ní igbó Ifẹ̀. Kòkó ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ìtàn sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1874 ni Squiss Ibaningo mú kòkó wá sí Bonny láti erékùṣù Fernando Po. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko kòkó ńláńlá ní Agége. Àwọn tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ lébìrà ní Agége ni wọ́n kó èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Ìbàdàn gbà á, Ìjẹ̀ṣà gbà á, Ifẹ̀ àti Oǹdó náà gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni kòkó fẹ́. Ó fẹ́ igbó, ó fẹ́ òjò, ó sì fẹ́ ibòji. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi kúrò ní Ìkìrun, Òṣogbo, Ẹdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1960, tí wọ́n lọ tọrọ igbó lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Oǹdó. Bàbá Àgbà wà lára wọn. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni 1945 nígbà tí ó gbé àdá àti ọkọ́ rẹ̀, tí ó fi ìyàwó sílẹ̀ ní Ìkìrun, tí ó wọ igbó.

Onílẹ̀ fún un ní igbó, ṣùgbọ́n kò tà á fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san lọ́dọọdún, kòkó ni ó sì fi ń san án. Igi jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Kódà nígbà tí ìjọba ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀ ní 1978, kò dá ìṣákọ́lẹ̀ dúró ní abà tiwa. Kòkó kì í sì í so ní kíákíá. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, ẹni tí ó gbìn ín yóò máa fi iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹun kí ó tó rí owó kankan. Nígbà tí kòkó so ni ó tó ránṣẹ́ pe Ìyá Àgbà.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kíyè sí ibí yìí. Àwa tí a wà ní Kàdúná kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa tí ó gbé ilẹ̀ onílẹ̀. Àlejò ni Bàbá Àgbà lórí oko tí a ń pè ní tirẹ̀.

OHUN TÍ KÒKÓ ṢE, ÀTI OHUN TÍ WỌ́N FI KÒKÓ ṢE

Owó kòkó ni ó gbé Ìwọ̀-Oòrùn ró nígbà náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó kòkó sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Owó kòkó náà ni ó rán bàbá mi lọ sí ilé ìwé, kí ó tó rí iṣẹ́ sí rélùwéè, tí wọ́n sì gbé e wá sí Kàdúná.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Iye tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ra kòkó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó orí sì wúwo. Ní 1968 sí 1969 ni àwọn àgbẹ̀ dìde ní ìjà Àgbẹ̀kòyà, tí Tàfá Adéoyè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí wọn, tí wọ́n ní 30 ṣílè ni àwọn lè san. 1969 yẹn ni wọ́n bí mi. Bàbá Àgbà kò jà, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí ó bá rí ẹni tí ó wọ kakí tí ó ń bọ̀ ní abà, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

LÁTI KÀDÚNÁ DÉ ABÀ

Láti 1976 tí mo pé ọmọ ọdún méje títí di 1984, kò sí ọlidé gígùn kan tí a kò lọ sí oko. Nítorí pé bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin ni à ń wọ̀. Irin náà ti dé Òṣogbo láti 1907, ó sì ti so Èkó mọ́ Kánò láti 1912. A ó kúrò ní Kàdúná, a ó gba Mìnnà, a ó sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, a ó kọjá Ìlọrin àti Ọ̀fà, a ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Ìkìrun. Ìyá mi yóò ti dín àkàrà, yóò sì ti se ẹyin dání, ṣùgbọ́n kí a tó dé Mìnnà a ó ti jẹ ẹ́ tán.

A ó sùn ní ilé ńlá ní Ìkìrun, kí a lè kí àwọn àgbà. Lọ́jọ́ kejì, a ó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, láti ibẹ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí a tó wọ bọ̀lẹ́kájà lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó. Ẹsẹ̀ ni ó kù. Bí a bá ti wọ abẹ́ kòkó, oòrùn yóò parẹ́, ilẹ̀ yóò máa ró wàà-wàà ní abẹ́ ẹsẹ̀ wa nítorí ewé gbígbẹ. Ìyá Àgbà yóò ti gbọ́ ohùn wa kí a tó yọ, oríkì ni yóò sì fi pàdé wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣi ẹnikẹ́ni pè.

Ọmọ márùn-ún ni Bàbá Àgbà bí. Ọ̀kan wà ní Ìkìrun, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan tí ó jẹ́ obìnrin wà nílé ọkọ ní Ilé-Ifẹ̀, àbíkẹ́yìn wà pẹ̀lú wọn lóko, bàbá mi sì wà ní Kàdúná. Bí ọlidé bá dé, àwa ọmọ-ọmọ lè tó mọ́kànlá. Nínú èdè wa, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ya ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ bàbá ẹni. Bí ó bá jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bí o bá jù ú lọ, àbúrò rẹ ni. Ẹní kan náà ni gbogbo wa ń sùn lé, ẹni tí ó bá sì tọ̀ sórí ẹní, gbogbo wa ni a ó jọ tutù.

Ọdún àkọ́kọ́ kò rọrùn fún mi. Èdè Hausa ti wọ Yorùbá tí mo ń sọ, àwọn tí wọ́n wá láti Èkó sì sọ mí ní Gàm̀bàrí. Mo sunkún títí. Ìyá Àgbà kò bá wọn jà. Ó kàn ní kí n kọ́ wọn bí àwọn ará òkè ọya ṣe ń ka owó. Kí ọlidé tó parí, gbogbo wọn ti ń ka ọmọ ayò ní dáyà, bíyù, úkù. Láti ìgbà náà ni èmi náà ti di ẹni tí ó mọ nǹkan.

ERÉ TÍ A ṢE

Ayò ni eré àárọ̀, kí ìrì tó gbẹ. Bí Bàbá Àgbà bá ń lo ọpọ́n ayò, a ó gbẹ́ ihò sílẹ̀ níwájú ilé: mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí a kò bá rí ọmọ ayò gidi, òkúta wẹ́wẹ́ ni à ń lò. Àgbà nínú wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó wà ní Ìkìrun, kò sí ẹni tí ó lè nà án. Ọ̀ta ni, àwa yòókù jẹ́ ọ̀pẹ. Bọ̀dá Aláyò ni a ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní olónìí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò ju ilé ìwé lọ, nítorí pé kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ kan ihò kí o tó sọ iye tí ó wà nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án, a ó ta òkòtó lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń sá kòkó sí, ẹni tí òkòtó rẹ̀ bá ṣubú yóò na ọwọ́ kí wọ́n gbá a. Àwọn obìnrin yóò máa ta tẹ́ń-tẹ́n. A ó ja ìjàkadì lórí èèpo kòkó gbígbẹ. A ó lọ dẹ alákàn nínú odò. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, a ó tan àtùpà lọ ṣa ìgbín. Ẹni tí ó bá rí àsálà yóò pín in fún gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n olórí eré wa ni bojúbojú. Abẹ́ kòkó dára fún un púpọ̀, nítorí igi náà ní ẹ̀ka sísàlẹ̀, ó sì ṣókùnkùn. Ẹnì kan yóò bo ojú ẹnì kejì, àwa yòókù yóò sá pamọ́, nígbà tí wọ́n bá sì ṣí i lójú, yóò máa wá wa kiri. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ṣe: kí ẹnikẹ́ni má kọjá pèrègún. Bàbá Àgbà àti aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n jọ gbin pèrègún náà ní ìlà, láti orí àpáta títí dé etí odò, kí ó lè jẹ́ ààlà. Ìyá Àgbà ní oko olóko ni òdìkejì, tàkúté sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rú òfin náà. Mo fẹ́ sá pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mi, n kò sì mọ̀ pé èmi náà kò ní rí ara mi. Mo kọjá pèrègún, mo rìn, mo yí, gbogbo igi kòkó sì jọra. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bọ̀dá Aláyò ni ó wá mi rí. Kò nà mí. Ó mú mi lọ́wọ́ padà sí ìdí pèrègún, ó mú mi tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ láti orí àpáta dé etí odò, ó ní kí n máa fi ọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa kà á. Nígbà tí a délé, kò sọ fún ẹnì kankan. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọjọ́ náà.

Ọmọ onílẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bí bàbá rẹ̀ àgbà bá wá gba ìṣákọ́lẹ̀ tàbí wá kí Bàbá Àgbà, yóò bá a wá, àwọn àgbà yóò máa sọ̀rọ̀, àwa yóò máa ṣe bojúbojú. A kò mọ̀ pé ẹnì kan jẹ́ onílẹ̀, ẹnì kan jẹ́ àlejò. Òfin pèrègún de òun náà.

IṢẸ́ TÍ Ó FARA JỌ ERÉ

Ẹ má rò pé eré nìkan ni a lọ ṣe. Ní ọlidé òjò, ìgbà tí kòkó máa ń dúdú lórí igi nítorí òjò àpọ̀jù, àwa ni à ń pọn omi láti odò fún àwọn tí wọ́n ń fín kòkó. Oògùn náà dà bí aró, ẹni tí ó bá sì fi kan aṣọ rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ní ọlidé Kérésìmesì, kòkó ti pọ́n. Àwọn ọkùnrin yóò já a, wọn yóò kó o jọ sí abẹ́ igi, wọn yóò máa fi àdá là á, àwa yóò máa yọ ọmọ inú rẹ̀. Ara funfun tí ó wà lára ọmọ kòkó dùn bí oyin, a ó máa lá a, a ó máa tu kóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Wọn yóò wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà títí yóò fi gbóná tí yóò sì yí àwọ̀ padà, kí a tó sá a sínú oòrùn.

Lálẹ́, iṣu sísun àti epo pupa. Bí iṣu bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọmọ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, òfin Ìyá Àgbà ni pé ẹni tí ó bá pín in ni yóò mú kẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ìpín náà máa ń dọ́gba. Lẹ́yìn oúnjẹ, àlọ́. Bí Ìjàpá bá ti ṣe tirẹ̀ tán, Ìyá Àgbà yóò bọ́ sórí ìtàn ilé: ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ igbó pẹ̀lú Bàbá Àgbà, ẹni tí ejò bù jẹ, ọdún tí kòkó kọ̀ tí kò so, àti bí wọ́n ṣe gbin pèrègún. A rò pé àlọ́ ni ìyẹn náà.

BÍ OKO ṢE DI AHORO

Ní 1986, ìjọba tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó kòkó gòkè, ẹni gbogbo sì di oníṣòwò kòkó. Ṣùgbọ́n oògùn kòkó náà gbówó lórí. Igi Bàbá Àgbà sì ti lé ní 35 ọdún, wọn kò so bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá Àgbà kú ní 1988. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e ní 1993. Àbúrò bàbá mi tí ó wà lóko gba Ilé-Ifẹ̀ lọ, ó lọ ra ọkọ̀ takisí. Ẹni tí a gbé oko náà fún láti máa bójú tó kò ju pé ó ń já èyí tí ó bá rí lọ. Èmi ti gba díplómà mi, mo ti wọ iṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, mo ti níyàwó. Mo máa ń sọ pé lọ́dún tí ó ń bọ̀ n ó kó àwọn ọmọ lọ. Ọdún tí ó ń bọ̀ kò dé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, rògbòdìyàn dé bá wa ní ìlú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò nílò kí n sọ ọ́. Mo kó ìyàwó àti ọmọ méjì, èyí kékeré ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, a gba ilé lọ pẹ̀lú báàgì kan. Òru ni a dé Ìkìrun. Bàbá mi ti kú, ilé ńlá ti kún fún àwọn tí n kò mọ̀. Ẹnu ọ̀nà Bọ̀dá Aláyò ni mo kàn. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, “Ìwọ tún ti kọjá pèrègún.” Oṣù mẹ́rin ni a lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò béèrè ọjọ́ tí a ó lọ. Kì í ṣe ìwé ni ó fi gbà mí sílé. Ohun tí ó fi gbà mí ni ẹní tí a jọ tọ̀ sí.

ỌDÚN 2024

Ní 2022, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kò tó dọ́là 3,000. Ní 2024, ó kọjá 10,000. Ó ti já wálẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní igi kòkó kan rántí ọ̀nà oko. Àwa náà rántí. Nígbà tí Bọ̀dá Aláyò dé ibẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan ti ń ṣán oko wa láti ìhà odò. Ọmọ-ọmọ aládùúgbò Bàbá Àgbà ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èkó ni wọ́n bí i sí, kò dé oko náà rí kí owó kòkó tó gòkè, ẹnì kan ni ó sì fi ọwọ́ júwe ààlà fún un.

Wọ́n pe ìpàdé sí abà, níwájú ìdílé onílẹ̀. Mo lọ láti Kàdúná pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin. Ìdílé méjèèjì mú ọ̀dọ́ wá. Wọ́n béèrè ìwé, kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Àgbà kò fi ìwé gba igbó. Àwọn tí wọ́n jọ gbin ààlà ti kú tán. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo, ẹnì kan sì ti ń pe orúkọ lọ́yà.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, dìde. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ kọ́ ni Gàm̀bàrí?” Ẹgbẹ́ mi ọjọ́sí ni. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní kò sí ìdí fún ariwo. Ó ní ìyá àgbà wa kì í jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọjá pèrègún, àti pé òun náà jẹ ẹgba kan lórí rẹ̀. Àwa mẹ́ta, òun, Bọ̀dá Aláyò àti èmi, dìde, a lọ sí orí àpáta, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí odò. Wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ pèrègún náà. Ṣùgbọ́n pèrègún kì í tètè kú, bí o bá gé e, yóò tún rú. Nínú igbó náà, a ń rí i, ìdí kan tẹ̀ lé ìdí kan. Mo ń fi ọwọ́ kàn án, mo ń kà á. Àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé odò, ọmọ Èkó náà fúnra rẹ̀ ni ó ní ó ti tó, òun ti rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀dá Aláyò. Ẹjọ́ parí.

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà lọ sí abà, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń bá ọmọ Bọ̀dá Aláyò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ẹni tí ó gbà wá sílé ní 2000. “Sà” ni ọmọ mi ń pè é. Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ẹ ti mọ bàbá mi?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní àyà. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́, ẹ̀bi mi ni. Mo ronú pé bí ọjọ́ bíi ti 2000 bá tún dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó dé, ẹnu ọ̀nà ta ni ọmọ mi yóò kàn? Bí ẹnì kan bá sì tún ṣán ìhà odò lẹ́yìn tí àwa mẹ́ta bá ti lọ, ta ni yóò ka pèrègún?

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo mọ̀ pé ayé kò rí bí ó ti rí ní 1976. Rélùwéè tí ó gbé wa kò sí mọ́ bí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ọ̀nà ń bà wá, kò sì sí òbí tí yóò fi ọmọ rẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀, mo fẹ́ dá àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ má ṣe gbà yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, kódà bí ó bá há. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, kí wọ́n rí ara wọn jà, kí wọ́n sì parí rẹ̀.

Èkejì, ẹ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ gbogbo ọmọ bàbá yín àgbà àti ọmọ wọn, ibi tí oko wà, ẹni tí ó jẹ́ onílẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ààlà. Bí àgbà kan bá ṣì wà tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ mú fóònù yín, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, níhìn-ín ní Kàdúná, bí a bá ń ṣe ọjọ́ ẹgbẹ́, kí àwọn àgbà má nìkan jẹun kí wọ́n sì náwó. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ọpọ́n ayò fún àwọn ọmọ, kí a jẹ́ kí wọ́n ṣe bojúbojú, kí a pa àlọ́ fún wọn. Ọmọ ará Ìkìrun, ọmọ ará Ọ̀fà, ọmọ ará Ìjẹ̀bú, bí wọ́n bá jọ ṣeré níbí, wọn yóò di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ara wọn. A ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe é.

Ní ti èmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní Kérésìmesì 2024, mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta lọ sí Ìkìrun, Bọ̀dá Aláyò sì kó gbogbo wa lọ sí oko fún ọjọ́ kan. Wọ́n ti dàgbà jù fún bojúbojú, ṣùgbọ́n a rin ìlà pèrègún náà láti òkè dé odò, olúkúlùkù wọn fi ọwọ́ kan igi, wọ́n sì kà á. Àbíkẹ́yìn mi tí ó jẹ́ obìnrin kọ iye rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ní alẹ́, Bọ̀dá Aláyò gbé ọpọ́n ayò jáde. Ó na gbogbo wọn.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ọ̀nà ilé dí mọ́ wa. Kí ó má jẹ́ kí a di àjèjì sí ara wa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: a ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, àwọn ọmọ wa yóò sì mọ ibi tí ààlà wà. Àṣẹ.